Ṣùkù Lẹ́nu Akèrègbè

Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nílé ọkọ kì í ṣe olè, kì í ṣe àgbèrè, kì í sì í ṣe ìjà orogún. Ṣùkù àgbàdo kan ni. Kò gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ. Àkísà aláró wà lára rẹ̀, okùn so ó rọ̀ sórí ẹ̀ka igi irúgbá lẹ́yìn ilé wa, ó sì wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rin gbáko tí gbogbo agbo ilé ń yà fún un bí ẹni ń yà fún ejò.

Mo ti dàgbà báyìí. Eyín mi kò pé mọ́, ojú mi sì ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kí n tó lè rí ìlà tí mo ń kọ. Lẹ́tà kéwú ni mo fi ń kọ èdè wa, bí àbúrò bàbá mi ṣe kọ́ mi nígbà tí mo máa ń jókòó sẹ́yìn àwọn ọmọkùnrin nínú ilé kéwú rẹ̀ ní Òmù-Àrán. Bísímílà ni mo fi bẹ̀rẹ̀ wàláà mi àkọ́kọ́, òun náà ni mo fi bẹ̀rẹ̀ èyí. Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ṣùkù yìí lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn, wọ́n sì ń sọ ọ́ bí ẹni pé ìyá ńlá wọn kò mọ ohun tí ń jẹ́ ẹ̀rù. Irọ́ ni. Ẹ̀rù bà mí. Ohun tí mo kọ̀ ni pé kí ẹ̀rù máa bá mi jẹun nínú àwo kan náà.

Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa mọ ààlè. Bí èèyàn bá ní igi eléso, tàbí iṣu nínú ebè, tàbí igi ìdáná tó dì sílẹ̀ lóko, tí kò sì lè dúró ṣọ́ ọ, á so nǹkan kan rọ̀ síbẹ̀, á sì sọ ọ̀rọ̀ sí i. Bó bá so ìgbálẹ̀, ó ń ní kí wọ́n gbá olè náà dànù kúrò láyé. Bó bá so ìkarahun ìgbín, kí ilé olè ṣófo bí ìkarahun. Èyí tí àwọn obìnrin ń bẹ̀rù jù ni ṣùkù: bí ọmọ ṣe tán lára ṣùkù, bẹ́ẹ̀ ni kí ọmọ tán lára ẹni tó bá fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tó bá pa ààlè nìkan ló sì lè tú u. Bí onítọ̀hún bá kú, ààlè rẹ̀ kò bá a kú.

Nígbà tí bàbá mi fi mí fọ́kọ, abúlé kan tí kò jìnnà sí Ìsánlú-Ìsin ni mo lọ. Ahunṣọ ni bàbá mi, Ìlọrin tó ti máa ń gbé aṣọ lọ tà ló ti bá ẹ̀sìn pàdé. Ọkọ mi jẹ́ àgbẹ̀ tó ń bá a ra aṣọ, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kírun. Òun nìkan ló ń kírun nílé wọn. Àwọn tó kù ń bọ Ògún, wọ́n ń bọ àwọn baba wọn, n kò sì bá wọn jà lórí ìyẹn. Èèyàn rere ni wọ́n. Ìyá ọkọ mi fẹ́ràn mi débi pé tó bá din àkàrà, tèmi ló kọ́kọ́ ń yọ sọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ igi yẹn nìkan ló wà láàárín wa.

Ìyá kan ló ni igi náà, ìyáálé ìyá ọkọ mi, ìyàwó àgbà olóògbé bàbá ọkọ mi. N kò bá a nílé. Lọ́dún tó ṣáájú èyí tí mo wọlé, àwọn ẹlẹ́ṣin tó ń kó ènìyàn lẹ́rú ya wọ abúlé ní ọ̀sán gangan, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí èso irúgbá gbó. Gbogbo ènìyàn sá gun òkè. Ìyá àgbà yìí wà lábẹ́ igi rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń ṣa èso, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì yá tó. Wọ́n kó o lọ pẹ̀lú àwọn mìíràn. Nígbà tí àwọn ará ilé padà sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ohun tí wọ́n bá lórí igi ni ṣùkù tí wọ́n we àkísà mọ́, tó ń mì lẹgẹlẹgẹ, akèrègbè kan sì fọ́ yángá sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Baálé wa, àbúrò bàbá ọkọ mi, ló túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó sì mi orí.

“Ó rí wọn tí wọ́n ń bọ̀,” ni ó wí. “Ó mọ̀ pé òun ò ní padà wá jẹ ẹ́. Ó wá pa á láàlè kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́. Ẹ wo igbá tó fọ́ sí i! Ó ti fi ìyẹn dí i pa.”

Láti ọjọ́ náà, irúgbá ń so, irúgbá ń gbó, irúgbá ń já bọ́, ó ń jẹrà. Òjò ń rọ̀ sí ṣùkù yẹn, oòrùn ń pa á, kò rà, kòkòrò kò jẹ ẹ́. Èyí gan-an ló tún dá kún ẹ̀rù wọn. Bí mo ṣe wọlé ni wọ́n ti kọ́ mi ní ohun tí obìnrin ń ṣe tó bá fẹ́ gba ibẹ̀ lọ sódò: kó di àtàǹpàkò mọ́ inú ọwọ́, kó tutọ́ sí àyà ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kó bu erùpẹ̀ dà sẹ́yìn láìbojú wẹ̀yìn. Aláboyún a fi òkúta kékeré sí ìdí ìró. Ìyá ọkọ mi ń ta epo sí àtẹ́rígbà mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo máa ń kí i pé ó ṣeun, n kò sì tutọ́ sí àyà mi rárá. Bísímílà ni mo máa ń wí, tí mo sì ń kọjá.

Ọmọ mi àkọ́kọ́ kú kó tó pé ọjọ́ mẹ́jọ. Èkejì lo oṣù márùn-ún, ó ti ń rẹ́rìn-ín sí bàbá rẹ̀, ó sì kú. N kò ní kọ púpọ̀ nípa wọn. Àmọ́ mo gbọ́dọ̀ kọ ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn rẹ̀, nítorí òun ni mo jí bá lójoojúmọ́: “Ó ń gba abẹ́ igi lọ, kò tutọ́.” Wọn kò pariwo. Bí mo bá wọ inú ilé ìdáná, ohùn á lọ sílẹ̀.

Oyún kẹta wà nínú mi ní ọdún tí eéṣú jẹ ọkà bàbà wa. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, aká ti ṣófo. A ń wa iṣu igbó tó ń yún ọ̀fun, a ń se ewé láìsí irú, láìsí iyọ̀. Ìyá ọkọ mi a bu tirẹ̀ tì, á ní òun ti yó, mo sì mọ̀ pé kò yó. Lẹ́yìn ilé wa gan-an, igi irúgbá so títí ẹ̀ka rẹ̀ fi tẹ̀. Èso rẹ̀ dúdú, ó gùn, ó já sílẹ̀ rẹpẹtẹ. Ìyẹ̀fun dídùn inú rẹ̀ tí àwọn ọmọdé ì bá máa lá ń dà sínú eruku. Àwọn ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́. Kò sí ewúrẹ́ tó kú.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo gbé ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń ká èso, mo sì lọ sábẹ́ igi. Mo wí bísímílà. Mo fi ìkọ́ ọ̀pá fa okùn náà lẹ́ẹ̀kan, kò já. Mo fà á lẹ́ẹ̀kejì, ṣùkù já bọ́ síwájú ẹsẹ̀ mi. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi mú un. Ara rẹ̀ ń dán, ó wúwo ju ṣùkù lásán lọ, ó sì dà bí ohun tí ọwọ́ ti ń dì mú láti ọjọ́ pípẹ́. N kò ro nǹkan mìíràn sí i. Eku ti jẹ èdídí akèrègbè tí mo fi ń pọn omi àlùwàlá, mo sì ti ń fi ewé dí i láti bí oṣù kan, omi ń ṣẹ́ sí mi lẹ́yìn. Mo já okùn kúrò, mo ti ṣùkù náà bọ ẹnu akèrègbè. Ó wọ̀ ọ́ pinpin.

Bí mo ṣe ń ṣa èso sínú apẹ̀rẹ̀ ni ìyá ọkọ mi yọ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó wo ẹ̀ka igi. Ó tún un wò.

“Ìyàwó, kí lo fà sọ̀ kalẹ̀?”

“Ṣùkù ni, Ìyá.”

“Ṣùkù wo?”

“Ṣùkù àgbàdo.”

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Yé! Ó dà? Níbo lo gbé e sí?”

Mo gbé akèrègbè sókè kó lè rí i. Ó ká ọwọ́ lérí, ó sì ń lọ sẹ́yìn, ó ń pe ọkọ mi, ó ń pe baálé, ó ń pe ìyá tirẹ̀ tó ti kú. Kí apẹ̀rẹ̀ kan tó kún, gbogbo agbo ilé ti pé síbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dúró jìnnà. Àbúrò ọkọ mi obìnrin, ẹni tí ahọ́n rẹ̀ mú ju abẹ lọ, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ẹ wá wo ìyàwó ààfáà! Ẹnu tó fi ń ké Àlà-Àlà láràárọ̀ náà ló fẹ́ fi jẹ ààlè!”

“Ọkọ mi,” ni mo dá a lóhùn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó ń pe àbúrò ọkọ, ìbáà jẹ́ obìnrin, “ẹ fara balẹ̀. Bó bá jinná, ẹ ó wá tọ́ ọ wò.”

“Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!”

“Ọlọ́run tí mò ń pè náà lẹ pè yẹn.”

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, wọ́n sì pa á lẹ́nu mọ́.

Mo se irúgbá náà láti àárọ̀ di alẹ́. Mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí èèpo bó, mo fọ̀ ọ́ lódò, mo tún un sè, mo fi ewé bò ó sínú igbá. Ní ọjọ́ kẹta òórùn irú gba agbo ilé kan. Ẹni tí kò bá mọ ebi kò lè mọ ohun tí òórùn yẹn ń ṣe fún ènìyàn. Mo rí àwọn àgbàlagbà tí wọ́n kàn ń gba iwájú ilé ìdáná mi kọjá láìní ibi tí wọ́n ń lọ. Kò sẹ́ni tó bu ú. Ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ mi tó jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́, tí kì í jiyàn pẹ̀lú àgbà, gbé àwo rẹ̀ jáde sí ojúde, ó jókòó sí ibi tí baálé ti lè rí i, ó sì jẹ ọbẹ̀ náà tán, ó lá ọwọ́. Ní gbogbo ọdún tí a fi gbé pọ̀, n kò rí i kó ṣe ohun tó le ju ìyẹn lọ.

Lọ́jọ́ kejì baálé ránṣẹ́ pè mí. Mo kúnlẹ̀ kí i.

“Ìyàwó wa, o ti fọwọ́ kan ohun tó ju ọ́ lọ,” ni ó wí. “Àwa kò bínú sí ọ, ọmọdé ni ọ́. Ìwọ fúnra rẹ ni wàá so ṣùkù náà padà. Wàá tú irun rẹ, wàá fi ẹ̀yìn rìn yí igi náà ká lẹ́ẹ̀méje, wàá máa bẹ ẹni tó ni ín. Nígbà tí o bá bímọ, a kò ní sọ ọ́ lórúkọ títí ẹni tó ni igi yóò fi dáhùn.”

“Ẹni tó ni igi kò sí nílé, Bàbá. Báwo ni a ó ṣe gbọ́ ìdáhùn?”

“A máa mọ̀ ọ́n.”

“Bí n kò bá ṣe é ńkọ́?”

Inú rẹ̀ kò dùn sí ohun tó fẹ́ sọ, mo sì ka ìyẹn sí i lóore. “Bí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ bá pé tí ṣùkù kò tíì padà sórí igi, wàá padà sílé bàbá rẹ. Ọmọ á dúró. Ọmọ ilé wa ni, àwa la ó mọ bí a ó ṣe bẹ̀bẹ̀ fún un.”

Mo ti gbé ọmọ méjì sin. Wọ́n wá ní kí n fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ láàyè.

“Bàbá, mo gbọ́ ohun tí ẹ wí,” ni mo sọ. “Igi ni n kò ní bẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣe ìwọ̀sí.”

Kó tó di pé mo bí, ààfáà kan tó ń ti ẹ̀gbẹ́ Ṣàárẹ́ bọ̀ pẹ̀lú àwọn oníṣòwò kan dúró sí ilé wa. Inú mi dùn, mo rò pé olùgbèjà ti dé. Ọkọ mi ro ọ̀rọ̀ fún un. Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó ní kí n má bẹ̀rù, òun á ṣe tírà tó lágbára ju ààlè lọ, kí wọ́n fi awọ rán an, kí n so ó mọ́ ìbàdí, nígbà tí ọmọ bá sì dé, kí n so ó mọ́ ọrùn rẹ̀.

“Ààfáà,” ni mo wí, “ṣé ẹ̀yin náà gbà pé ṣùkù lè pa ọmọ?”

“N kò sọ bẹ́ẹ̀.”

“Bí kò bá lè pa á, kí ni tírà fẹ́ ṣe?”

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. “Ìwọ obìnrin yìí, ta ló kọ́ ọ ní kéwú?”

“Àbúrò bàbá mi ni.”

“Kò kọ́ ọ ní ìtẹríba.”

“Ó kọ́ mi, Ààfáà. Ó tún sọ ẹni tí mo gbọ́dọ̀ máa tẹrí ba fún.”

Mo rò pé á bínú. Ó bú sẹ́rìn-ín débi pé láwàní rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí. Ó gbé kálàmù rẹ̀ padà sínú àpò, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ṣe àdúà fún mi níbẹ̀, ó sì jẹ irú mi. Ó ní irú náà dùn. Òun ni ẹnìkejì tó jẹ ẹ́.

Obìnrin ni mo bí. Ó ké dáadáa. Ní ọjọ́ kẹfà, ara rẹ̀ gbóná. Ní ọ̀sán ọjọ́ keje, kò mú ọmú mọ́. Ojú rẹ̀ yí bí ti àwọn méjì tó ṣáájú. Mo mọ ojú yẹn.

Ìyá ọkọ mi wọlé, okùn titun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pariwo mọ́ mi. Ó kúnlẹ̀. Ìyá ọkọ kì í kúnlẹ̀ fún ìyàwó. Láti ìgbà tí mo ti dé ayé n kò rí i rí, n kò sì tún rí i mọ́ láti ìgbà náà.

“Mo bẹ̀ ọ́,” ni ó wí. “Má ṣe é nítorí baálé. Ṣe é nítorí tèmi. Èmi ni mo wẹ àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n kú. N kò lè wẹ ẹ̀kẹta. Wo okùn. Ìwọ ṣáà ti mú ṣùkù wá, èmi á bá ọ gun igi.”

Mo dìde. Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí: mo dìde láti lọ so ó. Mo gbé akèrègbè, mo fa ṣùkù náà yọ, mo sì dúró láàárín ilé, ṣùkù lọ́wọ́ kan, akèrègbè lọ́wọ́ kejì. Mo wá rí gbogbo ọ̀nà náà títí dé òpin. Bí mo bá so ó, tí ọmọ yìí sì yè, ṣùkù ló ni ín. Ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ohun tí adìẹ ń ṣá dànù. Bó bá sunkún, ṣùkù ni. Bó bá rẹ́rìn-ín, ṣùkù ni. Bí n kò bá so ó, tó sì kú, ọwọ́ Ẹni tó dá a ni ó kú sí, n kò sì ní tìtorí bẹ́ẹ̀ di ẹrú igi. Mo ti sọ pé ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀rù náà pọ̀ débi pé omi akèrègbè ń dà sí mi lẹ́sẹ̀, n kò mọ̀.

Ìgbà tí mo mọ̀ ni mo fi èyí tó kù ṣe àlùwàlá. Mo fi aṣọ tútù nu ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀, mo kírun, mo gbé e lé itan, mo ń ka àwọn súrà kéékèèké tí mo mọ̀ sórí títí ohùn mi fi há, mo ń nu ún, mo ń kà. Ìyá ọkọ mi jókòó ti ògiri pẹ̀lú okùn rẹ̀. Nígbà tó yá, òun ló gba aṣọ lọ́wọ́ mi tó ń rì í sómi. Bí oòrùn ṣe ń rọlẹ̀, ọmọ náà làágùn. Ó sín. Ó wá ọmú kiri. Alihamudulilai. Mo sọ ọ́ nígbà náà, mo ń sọ ọ́ títí di òní.

Lọ́jọ́ kejì a sọ ọ́ lórúkọ. Èmi, bàbá rẹ̀, àti ìyá ọkọ mi tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, kò sì lọ. Mo ti di ẹrù mi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí baálé gbọ́ pé ọmọ yè, ó sún ọjọ́ síwájú.

“Ààlè kì í kánjú,” ni ó wí. “Ẹ jẹ́ kó gba ọmú lẹ́nu ọmọ ná. A ń wò.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wò wá. Bí ọmọ wúkọ́, gbogbo ojú á lọ sára akèrègbè mi. Wọn kì í mu omi inú rẹ̀. Bí mo bá gbé e gba àárín ilé, wọ́n á fa ọmọ wọn sápá kan. Ẹrù mi sì wà ní dídì ní igun ilé. Lójoojúmọ́, ẹ̀ẹ̀márùn-ún, mo ń fa ṣùkù náà yọ, mo ń fọ ọwọ́, mo ń fọ ojú, mo ń dí i padà. Ojúde ni mo ti ń ṣe é.

Ọmọbìnrin mi ti ń fi ọwọ́ kan ògiri rìn ní ọ̀sán tí arúgbó obìnrin kan wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà mi. Ó gbẹ, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀, eruku bò ó dé eékún. Gbogbo ilé ti lọ sóko, àfi àwọn díẹ̀. Mo rò pé alágbe ni, tàbí ọ̀kan nínú àwọn tó ń tẹ̀lé àwọn oníṣòwò kánún tó kọjá láàárọ̀.

“Ọmọ mi, fún mi lómi mu.”

“Ẹ kú ìrìn, Ìyá. Omi inú àmù ti tán. Omi àlùwàlá nìkan ló wà níbí, ẹ má bínú.”

“Ṣé omi yẹn kì í pa òùngbẹ ni?”

Mo gbé akèrègbè fún un. Ó fa èdídí yọ, ó sì gbé akèrègbè dé ẹnu, ó wá dúró. Ó yí ṣùkù náà sọ́wọ́. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó fi èékánná ha á, ó tún gbóòórùn rẹ̀.

“Ta ló fún ọ ní èdídí mi?”

Ó gbé akèrègbè, ó kọ́kọ́ mu omi rẹ̀ tẹ́rùn, ó sì nu ẹnu.

“Inú òrí ni mo ti sè é kí omi má baà wọ̀ ọ́,” ni ó wí. “Etí ìró mi ni mo sì ya tí mo wé mọ́ ọn kó lè há. Wò ó, aró rẹ̀ ṣì wà.”

Ìyá ọkọ mi ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú igi lórí. Ó rí ẹni tó jókòó. Igi dà sílẹ̀. Àbúrò ọkọ mi tó tẹ̀lé e kígbe pé òkú ni, ó sì sá wọ inú ọgbà àwọn aládùúgbò.

“Padà wá níbí, elénu wẹ́wẹ́,” ni arúgbó náà ké sí i. “Òkú kì í mu omi báyìí!”

Ilẹ̀ Núpé ni wọ́n mú un lọ. Ó ti darúgbó kọjá ẹni tó lè ṣiṣẹ́, wọ́n sì jẹ́ kó máa lọ. Ó tẹ̀lé àwọn oníkánún láti ìlú dé ìlú. Baálé sáré dé, wọ́n dì mọ́ra wọn, gbogbo wa sunkún. Lẹ́yìn náà ni baálé nu ojú, ó sì rántí.

“Ìyàwó wa, Ọlọ́run ló mú ọ padà. Ààlè tí o pa sórí igi rẹ, a bẹ̀ ọ́, tú u.”

“Ààlè wo?”

“Ṣùkù tí o so.”

“Akèrègbè mi ni mo so!” Ó na ṣùkù sójú rẹ̀. “Mo so ó rọ̀ kí kòkòrò má wọnú omi mi. Ẹlẹ́ṣin yọ, mo fa akèrègbè kí n gbé e sá, okùn já lọ́rùn rẹ̀, ó fọ́ mọ́lẹ̀, èdídí kù sókè. Ẹni tí ẹlẹ́ṣin ń lé, ṣé á dúró máa pààlè ni?”

Arúgbó náà wo igi, ó wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ tó dúdú fún èso tó ti jẹrà.

“Ṣé kò sẹ́ni tó ṣa á?”

Baálé mi orí pé rárá.

“Láti ọjọ́ náà? Irú mi?” Èyí ló pa á lẹ́kún ju gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí lóko ẹrú lọ. “Ebi ń pa yín, ẹ sì jẹ́ kí irú mi jẹrà nítorí èdídí omi!”

“Ìyàwó yìí nìkan ló ṣa á,” ni ìyá ọkọ mi wí, ohùn rẹ̀ kéré. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó sọ ọ́ láìkárí sọ.

Baálé kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí bẹ́ẹ̀. “Bó ti wù kó rí, sọ pé o tú u. Kí ọkàn wa lè balẹ̀.”

“Kí ni kí n tú? Èmi kọ́ ni mo pa á. Ẹ̀yin lẹ pa á, ẹ̀yin ni kí ẹ tú u.”

Ó da ṣùkù padà sẹ́nu akèrègbè, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a wọlé, ó sì gbé e fún mi. “Máa lò ó. Ó ti mọ ẹnu tìrẹ.” Ọmọbìnrin mi ti rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú. Arúgbó náà gbé e lé ẹsẹ̀ láìbéèrè ọmọ ta ni. Baálé wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀, ó sì kọ ẹ̀yìn sí wa, ó lọ. Lọ́jọ́ yẹn ni mo tú ẹrù mi tó wà ní igun ilé.

N kò mọ ìdí tí àwọn méjì àkọ́kọ́ fi kú. Mo ti béèrè lórí ẹní ìrun mi, n kò gbọ́ ìdáhùn, mo sì ń dúpẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun kan ni mo mọ̀: kì í ṣe nítorí pé mi ò tutọ́ sí àyà mi.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, gbogbo agbo ilé ló jẹ irú igi náà. A jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, èmi àti ìyá ọkọ mi, à ń bó èèpo irúgbá, nígbà tó dáwọ́ dúró, ó sì bi mí léèrè ohun tí mo mọ̀ pé ó ti ń rò láti ọjọ́ yẹn.

“Ìyàwó. Ká ní ààlè gidi ni ńkọ́?”

“Ìyá,” ni mo wí, “ẹnu akèrègbè mi kò ní ṣàì fẹ́ èdídí.”